Lẹ́tà Láti Ilé-iṣẹ́ Páténtì: Bí A Ṣe Ń Kà Á àti Bí A Ṣe Ń Dá A Lóhùn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ ní Àbújá, láti ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo dé Dei-Dei, dé Kubwa, ló ti gbọ́ báyìí pé ó yẹ kéèyàn gba páténtì lórí nǹkan tuntun tó bá hùmọ̀, kí ẹlòmíì má baà gbé e tà bíi tirẹ̀. Wọ́n á wá agbẹjọ́rò, wọ́n á sanwó, wọ́n á fi ìwé sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ páténtì tó wà ní Area 1 ní Garki, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Lójú tiwọn, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín èèyàn àti ilé-iṣẹ́ páténtì. Lẹ́tà yóò wá. Ó lè gùn, ó lè le lẹ́nu, ó sì máa ń kún fún nọ́ńbà àti abala òfin tí kò yé ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ẹnìkan á kà á, á rò pé wọ́n ti kọ̀ fún òun. Ẹlòmíì á rò pé ìwé lásán ni, á kì í bọ inú báàgì.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka àlàyé yìí dì mú ṣinṣin: lójú ilé-iṣẹ́ páténtì, ẹni tó dákẹ́ ti dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé òun ti jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọn kì í pe èèyàn lórí fóònù láti bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Wọn kì í ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí. Gbèdéke á kọjá, wọ́n á pa fáìlì dé. Ó máa ń dùn mí dénú nígbà tí ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ tó láti ṣe ẹ̀rọ tí kò sí rí bá pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí lẹ́tà ojú ìwé mélòó kan tí ẹnikẹ́ni kò dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Rẹ́jísìrì tó ń bójú tó àmì ọjà, páténtì àti ọnà wà níbí ní Àbújá, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò àti ìdókòwò. Òfin tó ń darí wọn ni Patents and Designs Act, tó ti wà láti 1970. Ohun tí òfin yẹn ní kí Rẹ́jísírà, ìyẹn olórí ibẹ̀, yẹ̀ wò kò pọ̀ rárá. Á wò ó bóyá orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ń béèrè wà nínú ìwé. Bóyá àlàyé nípa nǹkan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Bóyá gbólóhùn tó pààlà ẹ̀tọ́, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní claims, wà níbẹ̀. Bóyá owó ti wọlé. Àti bóyá aṣojú tó gbé ìwé wá ní ìwé àṣẹ tí ẹni tó rán an buwọ́ lù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kù, ìwé náà kò lè kọjá. Bí èèyàn bá kó ìhùmọ̀ méjì pọ̀ sínú ìwé kan, wọn á kọ̀wé sí i pé kó fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, kó sì fi èkejì sínú ìwé mìíràn. Ẹni tó bá sọ pé òun ti kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ní ìlú òkèèrè kóun tó mú un wá sí Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mú ẹ̀dà ìwé àkọ́kọ́ yẹn wá láàárín oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ti gbà á lọ́hùn-ún.

Ohun tí Rẹ́jísírà kì í yẹ̀ wò ló yẹ kó ká wa lára. Kì í wádìí bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun lóòótọ́. Kì í wádìí bóyá ó ju ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ èyíkéyìí lè ronú kàn lọ. Abala 4 nínú òfin náà sọ ọ́ gbangba pé ewu páténtì wà lọ́rùn ẹni tó gbà á, ìjọba kò sì ṣe onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn kan ti fi ìwé ẹ̀rí náà sínú férémù, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbà pé ìjọba ti bá wọn jẹ́rìí pé kò sí irú rẹ̀ láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì lè gba Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ lọ kó ní kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, bí lẹ́tà láti Garki bá rọrùn, kí ẹ má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti òkèèrè máa rí. Ní òkèèrè, wọ́n máa ń tú gbogbo ìwé ayé wò.

Báwo ni ìwé ẹni tó ń gbé ní Nyanya ṣe máa ń dé òkèèrè? Nàìjíríà wọ inú àdéhùn tí wọ́n ń pè ní PCT ní 2005, èyí tó jẹ́ kéèyàn lè fi ìwé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè páténtì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ lórí ohun ìhùmọ̀, tó wà ní Geneva, ló ń bójú tó o. Ẹni tó ti fi ìwé sílẹ̀ nílé ní oṣù 12 láti gbé e lọ sí abẹ́ àdéhùn náà, kí wọ́n sì ṣì ka ọjọ́ ilé sí ọjọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tó bá pé oṣù 18 láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n á tẹ ìwé náà jáde fún gbogbo ayé láti kà. Nígbà tó bá fi máa pé oṣù 30, èèyàn gbọ́dọ̀ ti yan àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹ́ wọ̀, kó sì ti san owó ibẹ̀; Yúróòpù fún èèyàn ní oṣù 31. Láàárín gbogbo èyí ni lẹ́tà ńlá àkọ́kọ́ ti máa ń dé, ìyẹn àbájáde ìwádìí àti èrò olùyẹ̀wò, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ páténtì tó yẹ ìhùmọ̀ náà wò, lórí rẹ̀.

Lẹ́tà yẹn ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù, torí náà ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Olùyẹ̀wò á to àwọn ìwé àtijọ́ tó rí, láti orílẹ̀-èdè yòówù, ní èdè yòówù, á sì fi lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì kan síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí X, ohun tó ń sọ ni pé ìwé yìí nìkan tó láti mú kí ohun tí ẹ̀ ń béèrè má jẹ́ tuntun, tàbí kó má ju làákàyè oníṣẹ́ lọ. Y ń sọ pé ìwé yìí nìkan kò tó, àmọ́ tí a bá pa á pọ̀ mọ́ òmíràn, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á lè dé ibi tí ẹ dé. Lẹ́tà A ní tirẹ̀ kò ṣèyọnu. Ìwé tó kàn sọ bí nǹkan ti rí tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú wọn pẹ̀lú, torí ìyẹn ló máa sọ claims tí ìwé kọ̀ọ̀kan kàn. Ó ṣeé ṣe kí X ba nọ́ńbà 1 dé 4, kí 5 àti 6 sì wà láìfarapa. Ẹni tí kò mọ èyí á rí X mẹ́ta, á sọ pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, ibi tí X kò dé ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà.

Lábẹ́ PCT, kò pọn dandan kéèyàn dá èrò olùyẹ̀wò yìí lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó lè dúró títí á fi wọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú: bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ páténtì Yúróòpù ló ṣe ìwádìí náà, tí èèyàn sì wá wọ Yúróòpù lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ̀wé sí i pé kó dá èrò yẹn lóhùn láàárín oṣù mẹ́fà. Lọ́tẹ̀ yìí, bí àríwísí bá wà nínú èrò náà, ó ti di dandan. Tí kò bá ṣe é, wọ́n á kà á sí pé ó ti fa ìwé rẹ̀ yọ. Èrò kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ohun tí kò pọn dandan lánàá ti di dandan lónìí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kéèyàn má ṣe fi ohun tí lẹ́tà àná sọ ka lẹ́tà òní.

Kí ẹ tó ka àríwísí kankan nínú lẹ́tà, ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan mẹ́ta: nọ́ńbà ìwé yín, ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà, àti iye oṣù tí wọ́n fún yín. Ẹ kọ ọ́ síbi tí ojú yín á máa tó lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ni mo sọ, kì í ṣe ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, Yúróòpù máa ń fi ọjọ́ mẹ́wàá kún un nítorí ìrìn àjò lẹ́tà, ṣùgbọ́n wọ́n fòpin sí ìyẹn ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2023. Ní báyìí, bí lẹ́tà bá ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta lórí, tó sì fúnni ní oṣù mẹ́rin, ọjọ́ 15 oṣù Keje ni gbèdéke. Bí ọjọ́ yẹn bá bọ́ sí Sunday, ó di ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ń kà. Bí Ìléyá bá mú kí gbogbo Àbújá ti ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ń lọ lọ́jọ́ yẹn ní Munich, níbi tí ilé-iṣẹ́ páténtì Yúróòpù wà. Ẹni tó ń retí àtilọ bá agbẹjọ́rò rẹ̀ lẹ́yìn Ìléyá lè bá a pé ọjọ́ ti lọ.

Àdéhùn PCT ní àánú díẹ̀ nínú: bí lẹ́tà bá pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ lẹ́yìn ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ èèyàn, iye ọjọ́ tó lé lórí méje yẹn ni wọ́n á fi kún gbèdéke. Èèyàn gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí hàn o. Nítorí náà, ẹ má ṣe ju àpòòwé nù. Ẹ kọ ọjọ́ tó dé sára rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò òǹtẹ̀ pósíọ́fíìsì.

Amẹ́ríkà ní ọ̀nà tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti dá lẹ́tà olùyẹ̀wò lóhùn. Èèyàn lè sanwó ra oṣù kún un, àmọ́ kò lè kọjá oṣù mẹ́fà lápapọ̀, owó tí wọ́n ń gbà sì ń ga sí i bí oṣù bá ṣe ń lé. Ohun tó tún ń já àwọn èèyàn láyà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà “final” tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sórí lẹ́tà kejì. Ẹni tó bá rí i á rò pé ẹjọ́ ti dá. Kò tíì dá. Èèyàn ṣì lè sanwó kí olùyẹ̀wò tún gbé ìwé náà yẹ̀ wò, ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nínú ilé-iṣẹ́ náà, ó sì lè dín ohun tó ń béèrè kù kí wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n aago ń lọ láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yẹn.

Wàyí o, ìdáhùn fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnìkan ní Kubwa ṣe ẹ̀rọ tí ń yan gàrí. Agbada irin wà níbẹ̀, mọ́tò kékeré ń yí ọ̀pá tí ń ro gàrí. Ọgbọ́n tó fi sí i ni pé eyín ọ̀pá náà jókòó lórí sípíríǹgì: nígbà tí gàrí bá di kókó, eyín á gbéra díẹ̀, á tẹ kókó náà fọ́, á tún padà sílẹ̀, kò sì ní máa ha agbada. Nígbà tí agbẹjọ́rò kọ claims, ó kọ ọ́ ní gbígbòòrò: “ẹ̀rọ ìyangàrí tó ní agbada àti ọ̀pá tí mọ́tò ń yí.” Olùyẹ̀wò wá rí ìwé kan láti Brazil, níbi tí wọ́n ti ń yan irú gàrí tiwọn láti ayébáyé, tó ní agbada àti ọ̀pá àti mọ́tò. Ó fi X sí i.

Ṣé ẹ̀rọ Kubwa ti di ayédèrú nìyẹn? Rárá. Claims dà bí òpó sìmẹ́ńtì tí awọnlẹ̀ rì sí igun ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ohun tó wà nínú rẹ̀ ni tẹni, ohun tó wà lóde kì í ṣe tẹni. Ohun tí olùyẹ̀wò ń sọ ni pé òpó yìí ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn. Ìdáhùn tó bá ọgbọ́n mu ni kéèyàn fi eyín orí sípíríǹgì sínú gbólóhùn náà, kó sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀: ọ̀pá ti Brazil dúró gbagidi, kò ní ohun tó ń gbé e sókè, kò sì sí ibì kankan nínú ìwé wọn tí wọ́n ti dábàá irú rẹ̀, àǹfààní ti Kubwa sì ni pé kókó ń fọ́ láìsí pé irin ń ha irin. Èyí ni olùyẹ̀wò fẹ́ gbọ́. Kò fẹ́ gbọ́ pé olóyè kan ti yìn ẹ̀rọ náà, tàbí pé ó ń tà dáadáa ní ọjà Karu.

Ìkìlọ̀ ńlá kan wà níbí. Ohun tí kò sí nínú ìwé tí a kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kò ṣeé fi kún un lẹ́yìn náà, ní Yúróòpù o, ní Amẹ́ríkà o. Bí àlàyé àkọ́kọ́ kò bá mẹ́nu kan sípíríǹgì rárá, kò sí bí a ṣe lè mú un wọlé nínú ìdáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà lára ẹ̀rọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà ni mo fi máa ń bẹ àwọn èèyàn pé nígbà tí agbẹjọ́rò bá ń kọ àlàyé àkọ́kọ́, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n sọ gbogbo nǹkan: ìwọ̀n irin, irú bóòtù, ohun tí wọ́n dán wò tí kò ṣiṣẹ́, ọ̀nà mìíràn téèyàn tún lè gbà ṣe é. Ohun tó dà bí àsọdùn lọ́jọ́ yẹn lè jẹ́ ibi ìsádi nígbà tí X bá dé.

Èkejì ni pé gbogbo ohun tí a bá kọ sí ilé-iṣẹ́ páténtì ń wọ inú fáìlì, gbogbo èèyàn ló sì lè kà á lọ́jọ́ iwájú. Bí ẹni ti Kubwa bá kọ̀wé pé “ẹ̀rọ mi kò kan èyí tí ọ̀pá rẹ̀ dúró gbagidi,” kó lè tẹ́ olùyẹ̀wò lọ́rùn, kò lè wá padà sílé ẹjọ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún kó ní ẹni tó ń ta ọ̀pá gbagidi ti jí ohun òun. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ fìdí irú ọ̀rọ̀ báyìí múlẹ̀ ní 2002 nínú ẹjọ́ Festo: ohun tí èèyàn jọ̀wọ́ kí wọ́n lè fún un ní páténtì, ó ṣòro púpọ̀ kó tó lè tún na ọwọ́ sí i. Torí náà, ẹ dáhùn ohun tí wọ́n béèrè, kí ẹ dáhùn rẹ̀ tán, kí ẹ má sì jọ̀wọ́ ju ohun tó yẹ lọ.

Àwa Yorùbá mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. A máa ń kí èèyàn ká tó béèrè ohun tá a fẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yìí, kíkí kúkúrú ti tó. Mo ti rí àkọsílẹ̀ ìdáhùn tí ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ìtàn ìṣòro, bí iná ìjọba ṣe ń ṣe ségesège, bí ọmọ ṣe wà ní yunifásítì, bí olùyẹ̀wò ṣe yẹ kó ṣàánú. Olùyẹ̀wò kò ní àṣẹ láti ṣàánú lórí ọ̀rọ̀ bóyá nǹkan jẹ́ tuntun. Inú rẹ̀ kì í dùn láti kọ̀, inú rẹ̀ kì í sì í bàjẹ́ láti gbà. Ìwé ló ń wò. Ẹ to ìdáhùn bó ṣe to àríwísí: ó ní 1, ẹ dá 1 lóhùn, ó ní 2, ẹ dá 2 lóhùn. Ẹ tọ́ka sí ojú ìwé àti ìlà tí ohun tí ẹ ń sọ ti wà nínú àlàyé yín. Bí ẹ bá fo àríwísí kan torí pé ó le, òun náà ni wọ́n á gbé padà wá.

Ta ni lẹ́tà ń wá bá? Ìbéèrè yìí ti fa ìjà láàárín àwọn oníbàárà àti agbẹjọ́rò wọn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣòro. Nígbà tí èèyàn bá ti buwọ́ lu ìwé àṣẹ fún aṣojú, aṣojú yẹn ni ilé-iṣẹ́ páténtì mọ̀. Òun ni wọ́n á máa kọ̀wé sí. Bó bá kó kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Wuse láìsọ fún wọn, àdírẹ́sì àtijọ́ ni lẹ́tà á máa lọ. Bí òun àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ bá jà, tàbí tó bá kú, ọjọ́ kò ní dúró. Ẹ yan aṣojú mìíràn kíákíá, kí ẹ sì fi ìwé tó ilé-iṣẹ́ náà létí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bá aṣojú yín ṣàdéhùn pé gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé, ẹ̀dà rẹ̀ pátá á dé ọwọ́ yín, kì í ṣe fọ́tò ojú ìwé kan lórí WhatsApp. Ojú ìwé àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ fọ́ọ̀mù tí gbèdéke wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gan-an ń bẹ lẹ́yìn. Àwọn kan rò pé àrífín ni láti máa bi agbẹjọ́rò léèrè. Kò sí àrífín níbẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lẹ́tà kankan ti dé, ọjọ́ wo sì ni gbèdéke rẹ̀?” Ìbéèrè tó tọ́ ni, agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ á sì dúpẹ́ pé ẹ bi í.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin náà jẹ aṣojú yín. Ó mọ òfin, àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀rọ. Nígbà tó bá fi ìwé ti Brazil ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ sọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tí gbèdéke kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ dáadáa, bí èdè rẹ̀ kò tilẹ̀ yé yín. Oníṣẹ́ irin tó bá wo àwòrán ẹ̀rọ á rí ohun tí agbẹjọ́rò kò lè rí láéláé.

Bí gbèdéke bá ti kọjá ńkọ́? Ẹ má ṣe jókòó sunkún. Ní Yúróòpù, wọ́n á kọ̀wé pé ẹ̀tọ́ ti bọ́. Láàárín oṣù méjì lẹ́yìn ìwé yẹn, èèyàn lè san owó kan, kó sì ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á sì jẹ́ kí ìwé náà máa bá a lọ. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè béèrè pé kí wọ́n jí ìwé náà dìde bí kò bá mọ̀ọ́mọ̀ pa á tì. Àwọn ọ̀nà yìí wọ́n, ilẹ̀kùn wọn kì í sì í ṣí títí, àmọ́ wọ́n wà.

Irú lẹ́tà kan tún wà tí kò yẹ kí ẹ dáhùn rárá. Ẹ rántí pé lẹ́yìn oṣù 18, WIPO á tẹ ìwé yín jáde, orúkọ àti àdírẹ́sì yín wà níbẹ̀. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, lẹ́tà tó dán gbinrin lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wọn jọ ti ìjọba, pẹ̀lú àmì tó jọ ti àjọ ńlá. Wọ́n á kọ nọ́ńbà ìwé yín síbẹ̀ láìṣìṣe, wọ́n á ní kí ẹ san owó dọ́là kan kí wọ́n lè “forúkọ ìwé yín sílẹ̀” sínú ìwé àkójọ kan, wọ́n á sì fún yín ní ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀tàn ni. WIPO fúnra rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa wọn, ó sì ń gbé àpẹẹrẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sórí ojú òpó rẹ̀ kí èèyàn lè fi tirẹ̀ wé e. Òun nìkan ló ń tẹ ìwé PCT jáde, kò sì sí owó ọ̀tọ̀ kankan fún títẹ̀ ẹ́. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ti gbọ́ pé kò gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà sílẹ̀ láìdáhùn ló máa ń tètè kó sí wọn lọ́wọ́. Lẹ́tà yòówù tó bá béèrè owó, tí kò sì gba ọwọ́ aṣojú yín wá, ẹ fi han aṣojú náà kí ẹ tó fọwọ́ kan báńkì.

Ó ku owó ọdọọdún. Páténtì Nàìjíríà lè wà fún ọdún 20 láti ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdọọdún la máa ń san owó láti mú un dúró. Bí èèyàn bá gbàgbé, òfin fún un ní oṣù mẹ́fà láti san án pẹ̀lú owó ìjìyà. Lẹ́yìn ìyẹn, páténtì á kú. Ẹ má ṣe retí pé lẹ́tà kan á wá rán yín létí. Ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀ wà lórí ìwé ẹ̀rí yín. Láti orí ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ti máa ka ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bèèrè rìsíìtì ọdún tó kọjá lọ́wọ́ aṣojú yín kí tuntun tó tó san.